Bàbá Déètì àti Ọmọ Ọjọ́ Kan

Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì wa láti wá Bàbá Déètì, kò ní láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà wo ẹni tó ń wá awò ojú káàkiri orí tábìlì, tí awò náà sì wà lójú rẹ̀. Òun náà nìyẹn. Kì í pariwo, kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọjọ́ oṣù sílẹ̀ lọ́nà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìgbà náà lẹ máa tó mọ̀ pé ọkùnrin jẹ́jẹ́ yìí ní ìbínú. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ibi tí wọ́n ti ń tẹ kàlẹ́ńdà ló ti ń ṣiṣẹ́. Bóyá ibẹ̀ ló ti kó àrùn déètì wá.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Fèrèsé, torí pé ìdí fèrèsé tí àwọn èèyàn ń tò sí ni mo ń jókòó. Ọ́fíìsì wa wà lẹ́nu géètì itẹ́ òkú. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá kú, ọ̀dọ̀ mi ló máa kọ́kọ́ dé. Màá gba ìwé ọsibítù lọ́wọ́ rẹ̀, màá tẹ orúkọ òkú, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ọjọ́ tó kú sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́, màá sì tẹ káàdì jáde fún un. Káàdì yẹn ni wọ́n máa ń mú dání bí wọ́n bá padà wá wo sàréè. Èmi kì í ṣe ẹni tí í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sunkún, n kì í jágbe mọ́ ọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nìkan ni mo ń jágbe mọ́.

Bàbá Déètì ló ṣe ibi tí a ń tẹ ọjọ́ sí. Nígbà tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà dé, oṣù ló máa ń fi ṣíwájú, ọjọ́ á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ àwa ti fi ọjọ́ síwájú láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Àfìgbà tí aránṣọ kan wá wo sàréè ọkọ rẹ̀. Káàdì ọwọ́ rẹ̀ ní ẹẹ́sàn-án, ẹẹ́rin sì tẹ̀ lé e. A mú un lọ sí ìlà àwọn tó kú lóṣù kẹrin, a fi òkìtì kan hàn án. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó sunkún, ó fi ẹjọ́ àwọn ọmọ sun ọkọ rẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tó wà ní ikùn rẹ̀ tán pátá. Ìgbà tó dìde ni olórí àwọn tó ń gbẹ́ sàréè tó rọra sọ fún un pé ọkọ ọlọ́kọ ló wà níbẹ̀, pé tirẹ̀ wà ní ìlà oṣù kẹsàn-án lọ́hùn-ún. Kò bínú. Ó ní òun ò ní agbára láti tún un sọ mọ́. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ dànù, ó sì lọ.

Bàbá Déètì ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ló wọ inú kọ̀ǹpútà lọ. Ó ṣe é kó jẹ́ pé ọjọ́ la máa kọ́kọ́ tẹ̀, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọdún gbẹ̀yìn. Ó to àwọn ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ sílẹ̀ dè wá, tó fi jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló kù ká tẹ̀. Ọdún gbọ́dọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́rin, torí pé a ti fi nọ́ńbà méjì sọ bàbá arúgbó kan di ẹni tí wọn ò tíì bí. Ohun tó máa jáde lójú káàdì ńkọ́? Ó ní orúkọ oṣù ni kó máa kọ, ní lẹ́tà gbàgàdà, kí ẹnikẹ́ni má baà pe oṣù ní ọjọ́ mọ́. Bí a bá ń ráhùn pé wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù, á ní òkú ò lè tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ, ohun tí a bá kọ ni yóò máa jẹ́. Báyìí ló ṣe di Bàbá Déètì. Àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ikú bá wá mú un, á kọ́kọ́ bi ikú pé ọjọ́ ló fi ṣíwájú ni àbí oṣù.

Ọ̀kan wà nínú wa tí à ń pè ní Kíákíá. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju ojú rẹ̀ lọ. Bọ́tìnnì kan wà tó jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́, déètì òní ló máa já sínú àpótí. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, Kíákíá á tẹ̀ ẹ́ síbi ọjọ́ ìbí, á tún tẹ̀ ẹ́ síbi ọjọ́ ikú, á ní òun ń bọ̀ wá tún un ṣe. Kì í padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà kan tó ti gbé ọmọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ jó ṣe di ìkókó tí wọ́n bí láàárọ̀ tó kú lálẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé káàdì náà wá, èmi tí n kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n sì fẹnu nà bí ẹni na bàrà.

Bàbá Déètì bá ṣòfin. Ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé ọjọ́ ikú gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ ìbí. Bí méjèèjì bá dọ́gba, tàbí tí ikú bá ṣíwájú, kó má gbà á. Kọ̀ǹpútà béèrè ohun tí òun máa sọ bí òun bá ti kọ̀, Bàbá Déètì bá kọ gbólóhùn kan sí i: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Kò sẹ́ni tó ń kú kó tó wáyé." Ọjọ́ tí gbólóhùn yẹn kọ́kọ́ yọ sí Kíákíá, a rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ọ̀gá wa pàápàá jáde láti yàrá rẹ̀ wá kà á. Bàbá Déètì fọwọ́ bo ẹnu, inú rẹ̀ ń dùn.

Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà kan àti ìyàwó rẹ̀ wá. Ìkókó ni wọ́n gbé wá, tówẹ̀lì ni wọ́n fi wé e. Wọ́n bí i ní àfẹ̀mọ́jú, ó kú kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Mo tẹ ọjọ́ ìbí, mo tẹ ọjọ́ ikú, gbólóhùn wa bá yọ. Ojú kọ̀ǹpútà mi kọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹni tó wà níta ń rí i. Ọkùnrin náà kà á sókè kí n tó fọwọ́ bò ó. Ó tún un kà. Ó wá rọra béèrè lọ́wọ́ mi pé kí gan-an ni wọ́n ní kí òun tún wò. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

Mo pe Bàbá Déètì. Ó wá, ó yẹ ìwé ọsibítù wò, ó bá wọn kẹ́dùn tọkàntọkàn, ó ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fa ọjọ́ ìbí sẹ́yìn lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà á gbà á. Ìyàwó bíríkìlà tí kò tíì la ẹnu láti ìgbà tí wọ́n ti dé bá sọ̀rọ̀.

"Àná kọ́ ni mo bí i o," ó ní. "Àná, ó ṣì wà nínú mi."

Bàbá Déètì ní òun mọ̀, pé kò yí nǹkan kan padà, pé inú kọ̀ǹpútà lásán ni. Wọn ò bá a jà. Ẹni tó gbé òkú ọmọ lọ́wọ́, ibo ló ti fẹ́ rí okun ìjà? Wọ́n gba káàdì wọn, wọ́n tẹ̀ lé ẹni tó máa gbẹ́ ilẹ̀ fún wọn lọ.

Bí wọ́n ti yí ẹ̀yìn padà ni mo kọjú sí i. Mo ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ yẹn ní láyé, òun náà lẹ lọ fi irọ́ bà jẹ́. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ gbààwẹ̀ nítorí aránṣọ, kí ló wá dé? Ó ní bí òun bá tú òfin náà sílẹ̀, Kíákíá á tún padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ní ká tó lè tún un ṣe, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ jáde nínú fáìlì tí a jọ ń lò, Ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó ní irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀, ọjọ́ kan péré mà ni. Mo pòṣé. Láti ìgbà náà, bí irú wọn bá dé, ẹni tó bá wà nídìí kọ̀ǹpútà á fa ọjọ́ ìbí sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó ń sàmì sí i pé a fà á.

Bàbá Déètì ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tí kò tíì ju ẹni tí wọ́n ń wẹ̀ fún lọ. Bàbá rẹ̀ ló ń di irun rẹ̀ lọ sílé ìwé, irun náà sì máa ń wọ́, gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn. Ọmọ náà dàgbà, ó di tíṣà, ó wọlé ọkọ. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ọmọ. Bàbá rẹ̀ kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti ń fi fọ́tò ọmọ-ọmọ hàn wá lọ́fíìsì, á dìde, á ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá ìwé ti há sínú púríńtà. Ìgbà tí oyún wá dé, ọkùnrin tí kì í kọrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lẹ́nu iṣẹ́, ohùn náà ò sì dára rárá. Ó ra fìlà kékeré kan, aláwọ̀ ewé, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó rò pé a ò mọ̀. Kíákíá ti yọ ọ́ wò. Gbogbo wa la ti yọ ọ́ wò.

Ọkùnrin ni ọmọ náà. Wọ́n bí i láàárọ̀, ó ké, ó mu ọmú díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, èémí rẹ̀ dúró.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní nọ́ọ̀sì kan, obìnrin onínúure, ń tu ìyàwó òun nínú, ó ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, kó má ka èyí mọ́ ọmọ bíbí, òmíràn ń bọ̀ lọ́nà. Ìyàwó òun gbé ọmọ náà mọ́ àyà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì ló tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi, wọ́n ní kí n má kà á. Ṣé wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, bó ṣe wáyé gan-an?"

"Èmi fúnra mi ni mo ṣe ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí," bàbá rẹ̀ ní. "Bó ṣe wáyé gan-an ni wọ́n máa kọ ọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó gbà kí wọ́n gbé ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ òun.

Mo ti jókòó sídìí fèrèsé yẹn títí irun mi fi funfun, n kò tíì rí ohun tó dùn mí tó kí Bàbá Déètì dúró níta, nínú ìlà, lẹ́yìn àwọn ẹlòmíì. Mo ní kó wọlé. Ó ní rárá, òun ò wá síṣẹ́ lónìí. Nígbà tó kàn án, ó na ìwé ọsibítù sí mi. Ọkọ ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé aṣọ funfun kan mọ́ àyà.

Mo ti mọ ohun tó ń bọ̀. Mo ronú pé kí n dọ́gbọ́n, kí n ní iná ti lọ, kí n ní kọ̀ǹpútà ti dákú. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí. Mo tẹ ọjọ́ ìbí. Mo tẹ ọjọ́ ikú. Ó yọ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò, kò sẹ́ni tó ń kú kó tó wáyé.

Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ ọmọ rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ó di irin fèrèsé mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń sunkún, ẹkún àgbàlagbà tí kò ní ohùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rọra béèrè pé ṣé kí n fà á sẹ́yìn lọ́jọ́ kan ni, ká lè tètè jẹ́ kí wọ́n lọ. Ó gbé orí sókè.

"Mo ti ṣèlérí fún un, Ìyá Fèrèsé."

Ó wọlé. Ó bẹ gbogbo wa pé ká jáde nínú fáìlì. Kíákíá ló kọ́kọ́ jáde, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kò sọ pé òun fẹ́ fọwọ́ sí nǹkan kan. Bàbá Déètì ṣí abẹ́ àkọsílẹ̀ náà, níbi tí àwọn òfin wà. Iṣẹ́ náà ò tó nǹkan, ìyẹn ló ń dùn mí dòní. Àmì kan péré ló fi kún un, tó fi di pé ọjọ́ ikú lè kọjá ọjọ́ ìbí tàbí kó bá a dọ́gba. Ẹni tó ń mu omi kọ́ọ̀pù kan ò ní tíì mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló kan gbólóhùn yẹn. Ó pa á rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó kọ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọjọ́ wò" síbẹ̀, ó mọ síbẹ̀. Ó wá jáde, ó padà lọ dúró níwájú fèrèsé, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Mo tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà gbà á. Káàdì jáde, ọjọ́ kan náà lókè, ọjọ́ kan náà nísàlẹ̀, orúkọ oṣù ní lẹ́tà gbàgàdà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó fi sápò. Ó wá ní kí n bá òun mú ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ òun. Mo mú un wá, a sì dé e fún ọmọ náà kí wọ́n tó gbé e lọ. Fìlà náà tóbi fún un.

Mo gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ka káàdì yẹn ní àkàtúnkà, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì sùn. Kò tíì sùn láti ìgbà tó ti bímọ.

Bàbá Déètì padà síṣẹ́, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ orin mọ́, àní a wá ń wá ohùn burúkú yẹn. Ohun tó gbájú mọ́ ni àwọn ọmọ tí a ti fa ọjọ́ ìbí wọn sẹ́yìn. Ó ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo ẹni tí ọjọ́ ikú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n bí i síta. Wọ́n pọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wọn rí ọjọ́ kejì lóòótọ́, àwọn yòókù, àwa la fún wọn. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Ìwé ọsibítù ńkọ́? Àwọn òbí ló ń mú un padà lọ. Ó jókòó síwájú àwọn ọmọ yẹn lójoojúmọ́, kò lè sọ èwo ni òtítọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló dá wa lójú, ọmọ bíríkìlà.

Ó tún ìyẹn ṣe, ó tẹ káàdì tuntun, ó bẹ̀ mí pé kí n sin òun lọ, torí ojú ń ti òun. Yàrá kan ni ilé wọn, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Bíríkìlà ti lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló ń sá aṣọ níta. Ó dá wa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbé àga fún wa, ó bu omi fún wa. Bàbá Déètì ò lè jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sọ ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà, ó ní kó foríjin òun, pé òun ti dá ọjọ́ ọmọ rẹ̀ padà síbi tó wà.

Obìnrin náà bá a kẹ́dùn. Ó gba káàdì tuntun, ó wò ó pẹ́. Ó wọlé, ó mú ti àtijọ́ jáde, igun rẹ̀ ti gbó. Ó fi méjèèjì síra wọn.

"Inú bí mi sí yín nígbà yẹn, bàbá. Mo fi yín bú nínú ọkàn mi títí," ó ní. "Àmọ́ ó ti pẹ́. Bí mo bá ń wo èyí, mo máa ń sọ fún ara mi pé èmi àti ẹ̀ jọ sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mo ti mọ aṣọ tí mo fi bò ó. Mo ti mọ ẹ̀gbẹ́ tó sùn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Ó fi káàdì tuntun náà sí Bàbá Déètì lọ́wọ́, ó sì ká ìka rẹ̀ pa dé e.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, ó jókòó, ó dá ọjọ́ ọmọ bíríkìlà padà sí bí ìyá rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Mo rò pé ó máa dìde. Kò dìde. Ó ṣí àkọsílẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ń bọ́ bàtà mi, ó gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Ó fa ọjọ́ ìbí ọmọ náà sẹ́yìn lọ́jọ́ kan. Kọ̀ǹpútà ò bá a jiyàn. Ó káwọ́ sórí tábìlì, ó ń wò ó, ọmọ tó sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó wò ó títí tí mo fi rò pé ó máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú mi ì bá sì dùn ká ní ó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá a padà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún sára ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá ẹnì kan ṣì wà níta nínú ìlà.